Ta Ló Ń Sọ̀rọ̀ sí Òṣèré Létí Lẹ́yìn Kọ́tìnnì?

Ìgbà kẹta rèé láàrin oṣù mẹ́rin tí màá gbọ́ ọ pé ẹnìkan ló ń sọ̀rọ̀ sí òṣèré létí lẹ́yìn kọ́tìnnì. Àkọ́kọ́, níbi ìpàdé ọmọ ìlú wa ní Kubwa, l'Ábújá níbí, nígbà tí wọ́n ń pín ìrẹsì. Ẹ̀ẹ̀kejì, nínú mọ́tò tó ń lọ sí Nyanya, lẹ́nu ẹni tí n kò mọ̀ rí. Ẹ̀ẹ̀kẹta ló dùn mí jù, torí ẹ̀gbọ́n tí mo bọ̀wọ̀ fún ni. A ṣẹ̀ṣẹ̀ wo eré tán ní Cyprian Ekwensi Centre, ní Area 10, Garki, òógùn ò tíì gbẹ lójú àwọn òṣèré, ni ẹ̀gbọ́n bá fọwọ́ gbá mi léjìká: "Ṣé ìwọ rò pé wọ́n há gbogbo ìyẹn sórí ni? Ẹnìkan ń bẹ lẹ́yìn kọ́tìnnì tó ń sọ ọ́ sí wọn létí. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn láti ayé Baba Ògúǹdé."

Mo ní, "Ó dáa, sà." Kí ni ǹ bá tún sọ? Àgbà ni wọ́n, mọ́tò wọn náà ló sì máa gbé mi délé.

Pé èèyàn lè há eré wákàtí méjì sórí, n kò ní jókòó ṣàlàyé ìyẹn. Àríwá là ń gbé. Ọmọdé tó há gbogbo súrà 114 inú Àlùkùránì sórí kò ṣọ̀wọ́n ládùúgbò wa, kò sì sẹ́ni tó ń wá ẹni tó fara pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Wáyà tín-ín-rín tí ẹ máa ń rí tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ òṣèré nígbà mìíràn, maikirofóònù ni. Ó ń gbé ohùn jáde. Kì í gbé ọ̀rọ̀ kankan wọlé. Àti pé ẹni tó bá máa sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn kọ́tìnnì kí òṣèré tó dúró láàrin ìtàgé gbọ́, tí jẹnẹrétọ̀ sì ń dún níta, àwọn tó jókòó síwájú á ti gbọ́ ọ pẹ̀lú rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá le ni pé ẹnìkan wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ẹ yọjú sí ẹ̀gbẹ́ ìtàgé bí eré bá ń lọ, ẹ ó rí i: ó jókòó sínú òkùnkùn, iná kékeré kan tàn sórí ìwé tó ṣí sílẹ̀ níwájú rẹ̀, pẹ́ńsù wà lọ́wọ́, nǹkan ìgbọ́rọ̀ wà létí, ẹnu rẹ̀ sì ń mì. Ọ̀rọ̀ ló ń sọ, jẹ́jẹ́jẹ́. Ẹni tó bá rí i báyìí, kí ló kù tó máa rò? Ojú wọn ò parọ́ fún wọn. Ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ ni wọn ò mọ̀.

Kì í ṣe òṣèré. Ẹni tó wà nídìí iná ni, àti ẹni tó wà nídìí ohùn, àti àwọn tó ń fa kọ́tìnnì, tó ń gbé àga wọlé gbé e jáde. Stage manager ni òun, ìyẹn olùdarí ìtàgé. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń kó o pọ̀ mọ́ olùdarí eré, iṣẹ́ wọn ò sì jọra. Olùdarí eré ló ń pinnu bí eré ṣe máa rí. Òun ló ń sọ pé kí ìyàwó ọba wọlé láti ọ̀tún, kó má sì tètè jókòó. Ṣùgbọ́n ní alẹ́ tí èrò bá wọlé, iṣẹ́ tiẹ̀ ti tán. Ó lè jókòó láàrin èrò, ó lè máa rìn kiri ní ọgbà ìgbọ́kọ̀sí pẹ̀lú inú fu. Olùdarí ìtàgé ló ni alẹ́ ọjọ́ náà.

Ìwé tó wà níwájú rẹ̀ ni mo fẹ́ ká dúró lé lórí, ẹ bá mi mú sùúrù. Ọ̀rọ̀ eré ló wà nínú ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀ yẹn ni iṣẹ́ wà. Láti ọjọ́ tí ìdánrawò ti bẹ̀rẹ̀ ló ti ń kọ ọ́ síbẹ̀: ta ló rìn láti ibo sí ibo, orí ọ̀rọ̀ wo ló ti dìde, ọwọ́ wo ló fi gba ìgbá ẹmu. Pẹ́ńsù ló fi ń kọ ọ́, torí pé olùdarí eré á yí gbogbo ẹ̀ padà lọ́la. Nígbà tó bá kù díẹ̀ kí eré wáyé, wọ́n á wá fi ti iná àti ohùn kún un, pẹ̀lú nọ́ńbà. Iná 22 á ṣú nígbà tí ìyá bá pe orúkọ ọmọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ohùn 9, àrá, á sán kí ilẹ̀kùn tó ṣí. Eré tí kò tóbi rárá lè ní irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ tó 100.

Ohun tó ń sọ lẹ́nu nínú òkùnkùn nìyẹn. Yóò kọ́kọ́ ní kí onínáá múra sílẹ̀, onínáá á dá a lóhùn pé òun ti múra, ìka á ti wà lórí bọ́tìnnì. Nígbà tí ọ̀rọ̀ tó ń dúró dè bá bọ́ lẹ́nu òṣèré gẹ́lẹ́, á ní: "Go." Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni èèwọ̀ wọn. Olùdarí ìtàgé tó mọṣẹ́ kì í dédé sọ ọ́ sínú ẹ̀rọ, kódà bó bá ń ṣàwàdà, torí pé ẹni tó wà nídìí iná kò ní béèrè pé kí lo ní lọ́kàn. Ó máa tẹ bọ́tìnnì ni, òkùnkùn á sì bo gbọ̀ngàn ní àárín ìgbéyàwó.

Kí wá nìdí tí irọ́ yìí ò fi lọ? Orúkọ ló ń gbé e ró, lójú tèmi. Prompt book ni wọ́n ń pe ìwé yẹn, prompt corner ni wọ́n ń pe ibi tó jókòó sí, ìtumọ̀ prompt sì ni kéèyàn rán ẹlòmíràn létí ọ̀rọ̀ tó gbàgbé. Iṣẹ́ àtijọ́ ló bí orúkọ náà. Láyé àtijọ́ nílẹ̀ Yúróòpù, ẹgbẹ́ òṣèré kan lè ṣe eré ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ní alẹ́ mélòó kan tẹ̀léra, ọ̀rọ̀ á pọ̀ lórí wọn, ẹnìkan á sì jókòó tì wọ́n pẹ̀lú ìwé. Nínú eré opera, ìyẹn eré tí wọ́n ń fi orin kọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, iṣẹ́ náà ṣì wà títí dòní: àwọn gbọ̀ngàn ńlá kan ní ihò kékeré níwájú ìtàgé tí ẹni tó ń rán akọrin létí ń jókòó sí. Ṣùgbọ́n ní ti eré tí ẹ̀ ń wò ní Garki, orúkọ ló kù. A ń pe oríta kan ní Berger ní Wuse, orúkọ ilé-iṣẹ́ ará Jámánì tó ń kọ́lé, tó ń ṣe títì. Ẹni tó bá bọ́ọ́lẹ̀ níbẹ̀ kò retí kí òyìnbó ará Jámánì wá bá òun gbẹ́rù.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Baba Ògúǹdé, torí ibẹ̀ ni inú ti ń bí mi. Ọdún 1944 ni Hubert Ogunde gbé eré rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde l'Ékòó fún ìjọ rẹ̀, ní 1945 ó dá ẹgbẹ́ tó ń fi eré jẹun sílẹ̀, ó sì ń gbé eré rin ìrìn àjò, títí dé Àríwá níbí, níbi tí òun àti ìjọba òyìnbó ti jọ fa wàhálà ní Jos àti ní Kano. Nínú eré àwọn ẹgbẹ́ arìnrìn-àjò wọ̀nyẹn, orin ni wọ́n máa ń kọ́ dáadáa, àti bí ìtàn ṣe máa lọ. Ìsọ̀rọ̀ǹgbèsì ńkọ́? Lọ́pọ̀ ìgbà, kò sí nínú ìwé kankan. Òṣèré mọ ibi tí ìran òun ń lọ, ó sì ń fi ẹnu ara rẹ̀ gbé e débẹ̀; bí èrò bá rẹ́rìn-ín, á fà á gùn. Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀rọ̀ tí wọn ò kọ sílẹ̀, ta ló fẹ́ kà á síni létí? Àwọn ará Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria náà ti ń gbé eré lọ sí abúlé láti bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn, àwọn ará abúlé gan-an ni wọ́n sì jọ ń hun ún. Gbangba òde ni, kò sí kọ́tìnnì rárá.

Ṣé kò wá sẹ́ni tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ sí létí rí? N kò ní búra. Nígbà ìdánrawò, bí òṣèré bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìwé sílẹ̀, á ké pe "line!" bó bá gbàgbé, olùdarí ìtàgé á sì ka ọ̀rọ̀ náà fún un. Ẹni tó bá yọjú wo ìyẹn lẹ́ẹ̀kan lè rò pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é dé ọjọ́ eré. Ní Broadway, àdúgbò àwọn ilé eré ńlá ní Amẹ́ríkà pàápàá, òṣèré àgbà mélòó kan ti fi ẹ̀rọ sétí torí ọjọ́ orí. Èmi fúnra mi sì ti wo eré Kérésì níbi tí èèyàn mẹ́ta ń sọ̀rọ̀ sí Hẹ́rọ́dù lẹ́ẹ̀kan náà láti ẹ̀yìn aṣọ, tí Hẹ́rọ́dù yíjú sí wọn, tó ní, "Ẹ sọ ọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ jọ̀ọ́." Nítorí náà, ó ṣeé ṣe kí ẹ̀gbọ́n ti rí tiwọn níbìkan.

Àmọ́ ẹ̀yin tí ẹ̀ ń kó ọmọ jọ fún eré ìjọ tàbí ti iléèwé, ẹ má sọ fún wọn pé kí wọ́n má ṣèyọnu, ẹnìkan á wà lẹ́yìn. Ọmọ tó bá gbọ́ ìyẹn kò ní há a sórí. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń náwó sí eré náà, bí owó bá kù díẹ̀ káàtó, ẹ má kọ́kọ́ yọ orúkọ olùdarí ìtàgé torí ẹ rò pé ìwé nìkan ló ń kà. Ẹ ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ nígbà tí òkú bá ṣì ń dìde tí iná sì ti tàn padà.

Eré mìíràn ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀, ẹ̀gbọ́n sì ní àwọn fẹ́ fojú ara àwọn rí i. Mo ti ní kí wọ́n jókòó sí ọwọ́ òsì, lápá iwájú, kí wọ́n lè yọjú wo ẹ̀gbẹ́ ìtàgé lọ́wọ́ ọ̀tún, torí ibẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń fi olùdarí ìtàgé sí. Mo sì bẹ̀ wọ́n pé bí wọ́n bá rí i, kí wọ́n má bá a sọ̀rọ̀.