Kí wọ́n tó bá yín fọ́ọ̀màtì láptọ́ọ̀pù yẹn, ẹ kọ́kọ́ wo fáìlì sẹ́tíǹgì

Irú èyí tí wọ́n máa ń gbé wá bá àwa tá à ń tún kọ̀ǹpútà ṣe nìyí: láptọ́ọ̀pù ń ṣiṣẹ́ dáadáa tẹ́lẹ̀, wọ́n wá fi ẹ̀dà tuntun áàpù kan sí i, àfi bó ṣe di pé bí wọ́n bá ti ṣí áàpù ọ̀hún báyìí ó ti pa dé, ìgbà míì gbogbo ẹ̀rọ á kàn gan pa síbẹ̀, máòsì ò ní rìn mọ́, àfi kí wọ́n tẹ bọ́tìnnì iná mọ́lẹ̀ títí á fi kú. Ẹni tó ni ín á ti yọ áàpù yẹn kúrò, á tún gbé e padà sí i, ibi pẹlẹbẹ náà ni. Ni ẹnìkan á bá ní fáírọ́ọ̀sì ni, ẹ jẹ́ ká fọ́ọ̀màtì ẹ̀, ìyẹn ni pé ká nu gbogbo ohun tó wà lórí ẹ̀ kúrò.

Ẹ má tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọ́ọ̀màtì nǹkan kan o. Gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá yàn nínú áàpù, bóyá bí lẹ́tà ṣe tóbi tó ni o, fáìlì tẹ́ ẹ ṣí kẹ́yìn ni o, ó máa ń kọ ọ́ pa mọ́ sínú fáìlì kékeré kan tá à ń pè ní fáìlì sẹ́tíǹgì, àti pé ọ̀tọ̀ nibi tí fáìlì yẹn wà, ọ̀tọ̀ nibi tí áàpù fúnra ẹ̀ wà. Tẹ́ ẹ bá yọ áàpù kúrò, fáìlì yẹn sábà máa ń jókòó síbẹ̀ ni, torí àwọn tó ṣe é rò pé ẹ lè padà wá. Ẹ̀dà tuntun á dé, á bá ohun tí ti àtijọ́ kọ sílẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, bó bá ti kan ibi tí ò yé e, ó parí nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá wá ti orí ẹ̀dà tuntun padà sí àtijọ́, ìyẹn tún burú ju èyí lọ. Àwọn tó ṣe Firefox, áàpù tá a fi ń wọ íńtánẹ́ẹ̀tì, gan-an mọ̀ bẹ́ẹ̀, láti orí Firefox 67 tó jáde lọ́dún 2019, tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi ti àtijọ́ ṣí profile (fóódà tó ń kó sẹ́tíǹgì yín sí) tí ti tuntun ti lò, kò ní gbà fún yín, á ní kẹ́ ẹ ṣí profile míì.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká sòótọ́, áàpù lásán, irú Word tàbí èyí tẹ́ ẹ fi ń gbọ́ orin, kò lágbára àtipa Windows fúnra ẹ̀. Ó lè jẹ RAM, ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó ohun tó ń ṣe lọ́wọ́ sí, tán kí gbogbo nǹkan máa wọ́ bí ìgbín, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ti rí ojú búlúù tó máa ń yọ nígbà tí Windows bá kú, nǹkan tó wọnú Windows jinlẹ̀ ni kẹ́ ẹ wá lọ, ìyẹn dráífà (tó ń jẹ́ kí Windows lè lo àwọn ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà), antifáírọ́ọ̀sì, VPN, tàbí èyí tó ń ṣọ́ àwọn tó ń ṣojóóró nínú géèmù. Àwọn yẹn náà ní fáìlì tí wọ́n ń kà. Ṣé ẹ rántí ọjọ́ 19 oṣù Keje 2024, tí báálù ò lè gbéra, tí báńkì àti ọsibítù dúró káàkiri ayé? Fáìlì kan báyìí ni ilé iṣẹ́ CrowdStrike fi ránṣẹ́ sí sọ́fítíwíà ààbò wọn tó ń jẹ́ Falcon. Nǹkan 20 ni kóòdù tó wà nínú kọ̀ǹpútà gbé kalẹ̀, fáìlì tuntun ní kó yẹ ìkọkànlélógún wò, kò sí nǹkan kan níbẹ̀, ni Windows bá kú. Microsoft ní bíi mílíọ̀nù 8.5 kọ̀ǹpútà ló kàn. Kò tó wákàtí méjì tí wọ́n fi yí fáìlì yẹn padà, àmọ́ kọ̀ǹpútà tó ti kú ò kúkú lè gba fáìlì tí wọ́n tún ṣe yẹn, ọ̀pọ̀ ẹ̀ ló jẹ́ pé ẹnjiníà ló lọ bá a ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tó wọ Safe Mode (ìyẹn Windows tí ò ṣí ju ohun tó pọn dandan lọ), tó pa fáìlì tí orúkọ ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti C-00000291 rẹ́. Wọn ò fọ́ọ̀màtì o, fáìlì ni wọ́n yọ.

Tiyín náà, ẹ kọ́kọ́ ṣí user tuntun, ìyẹn àkáǹtì míì, lórí kọ̀ǹpútà yẹn, kẹ́ ẹ lọ ṣí áàpù ọ̀hún níbẹ̀. Tó bá ṣiṣẹ́, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ fáìlì sẹ́tíǹgì ló ń dà á láàmú. Ẹ padà sí user yín, ẹ pa áàpù náà dé pátápátá, ẹ wo Task Manager, tó ń fi gbogbo áàpù tó ń ṣiṣẹ́ hàn, kó má lọ jẹ́ pé ó ń sá pamọ́. Ẹ wá tẹ Windows àti R pọ̀, ẹ kọ %appdata%, ẹ tẹ Enter. Ẹ ó rí fóódà lóríṣiríṣi, ẹ wá èyí tó ń jẹ́ orúkọ áàpù yẹn tàbí orúkọ àwọn tó ṣe é, tí ò bá sí níbẹ̀, ẹ wo %localappdata%. Ẹ má pa á rẹ́! Ẹ kàn yí orúkọ ẹ̀ padà, ẹ fi .old sí ẹ̀yìn ẹ̀. Ìdí ni pé sẹ́tíǹgì nìkan kọ́ ló ń gbé inú fóódà yẹn, gbogbo ímeèlì ẹni tó ń lo Thunderbird lè wà níbẹ̀, páásìwọ́ọ̀dù inú Firefox náà ńkọ́. Tẹ́ ẹ bá wá ṣí áàpù, á rò pé ọjọ́ àkọ́kọ́ ẹ̀ nìyẹn, á ṣe fáìlì tuntun fúnra ẹ̀.

Ti Word, ẹ wọ Microsoft nínú %appdata% kan náà, ẹ wọ Templates, Normal.dotm ni kẹ́ ẹ yí orúkọ ẹ̀ padà. Ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ẹ ó rí fáìlì sẹ́tíǹgì tó jẹ́ 0 KB, pàápàá lórí desktop tí ò ní UPS (bátìrì tó ń gbé e dúró tíná bá lọ), NEPA ló mú iná lọ nígbà tó ń kọ ọ́ lọ́wọ́, òfìfo lẹ̀ ń wò yẹn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo Mac, ẹ ṣí Go lókè Finder, ẹ di Option mú, Library á jáde, ẹ wọ Preferences. Àwọn tó parí sí .plist ni, ẹ wọ́ ti áàpù yẹn sórí Desktop, kẹ́ ẹ wá Restart, torí macOS máa ń tọ́jú ẹ̀dà kan sórí, ó sì lè tún kọ ti àtijọ́ padà.

Tí ẹ̀rọ ò bá tiẹ̀ jẹ́ kẹ́ ẹ wọlé, níbi tẹ́ ẹ ti fẹ́ kọ páásìwọ́ọ̀dù, ẹ di Shift mú kẹ́ ẹ tẹ Restart, lẹ́yìn náà Troubleshoot, Advanced options, Startup Settings, Restart, ẹ wá tẹ 4, Safe Mode á ṣí, kẹ́ ẹ wá yí orúkọ fóódà yẹn padà níbẹ̀. Ẹ tọ́jú recovery key BitLocker yín sítòsí o, ìyẹn nọ́ńbà 48 tó ń ṣí díìsìkì tí Windows tì pa, ó lè bi yín.

Tẹ́ ẹ bá ti yí orúkọ fóódà tí ò sí ìyàtọ̀, ẹ pa tuntun tí áàpù ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe rẹ́, ẹ yọ .old kúrò lára ti tẹ́lẹ̀ kí gbogbo nǹkan padà sípò, kẹ́ ẹ wá ní kí wọ́n bá yín yẹ RAM àti hard disk wò.