Íntánẹ́ẹ̀tì ojúkan: ẹ yé pè é ní 'alókùn'

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹnì kan fi ìwé ìpolówó há ẹnu géètì wa ní Kubwa, l'Ábùjá. Íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń tà. Hausa ló wà lókè, Yorùbá wà nísàlẹ̀, inú mi kọ́kọ́ dùn. Àfi ìgbà tí mo kà á: 'Íntánẹ́ẹ̀tì àtúnṣe, ẹgbẹ́ gbòòrò.' Àtúnṣe! Ta ló bà á jẹ́? Ẹgbẹ́ wo? Ẹgbẹ́ eléré àbí ẹgbẹ́ aláṣọ ẹbí? Fixed broadband ni ẹni tó kọ ọ́ fẹ́ sọ. Ó gbọ́ fixed, ọkàn rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Ó gbọ́ band, ó rántí onílù.

'Gbòòrò' nìkan ni mo gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Íntánẹ́ẹ̀tì gbòòrò ni broadband, kò yẹ kó fa ìjà. Ẹ má bi mí pé báwo ló ṣe gbọ́dọ̀ gbòòrò tó, nítorí ó dà bí ọ̀rọ̀ 'olówó', ọwọ́ ẹni tó ń wọ̀n ọ́n ló wà. Ètò tí ìjọba wa gbé kalẹ̀ lọ́dún 2013 ní mẹ́gábíìtì 1.5 (ohun tí wọ́n fi ń wọn bí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe ń yára tó) láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ti tó. Ti ọdún 2020 ní kó jẹ́ 25 nígboro, 10 lábúlé. Amẹ́ríkà tó ti ń lo 25 láti ọdún 2015 sọ ọ́ di 100 ní oṣù kẹta ọdún 2024.

Fixed ni wàhálà. Ẹ̀gbọ́n mi kan ní Gwarinpa, tó ti fi iṣẹ́ ìròyìn jẹun fún ọgbọ̀n ọdún, ti pinnu pé 'alókùn' ni. Wireless wá di 'aláìlókùn'. Ó dùn létí, mo gbà. Nígbà tí tẹlifóònù NITEL ṣì ń gba orí òpó wọlé, ó tọ̀nà pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n mo ní, 'Ẹ̀gbọ́n, àpótí funfun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé yín ńkọ́, èyí tí ẹ fi ń wo bọ́ọ̀lù? Okùn wo ló wà lára rẹ̀?' Wọ́n ní okùn iná. Mo ní fáànù náà ní okùn iná. Wọ́n pa fóònù.

Ibẹ̀ gan-an ni 'alókùn' ti já. Ojú kan ni àpótí yẹn jókòó sí, síbẹ̀ afẹ́fẹ́ ni íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà wọ inú rẹ̀. Tí a bá tẹ̀lé ẹ̀gbọ́n, a ó máa pè é ní 'alókùn aláìlókùn', bí ẹni tó ní òun yó, ebi sì ń pa òun. Ìyẹn ni mo fi pè é ní ojúkan. Kò sí ẹni nínú wa tí kò tíì sọ fún ọmọ tó ń ta gìrìgìrì kiri pé kó dúró sójú kan. Ibi tí nǹkan náà dúró sí lọ̀rọ̀ wà. Ojúkan onífáíbà wà, ìyẹn okùn gíláàsì tín-ín-rín tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì wọlé, ojúkan aláfẹ́fẹ́ wà. Èyí tó wà nínú fóònù, tí à ń gbé láti Kubwa dé Wuse, àgbérìn ni. Àwọn kan ní 'ojúkan' ń dún bí ẹni tí ojú rẹ̀ kan fọ́. Olójú-kan nìyẹn, ẹ̀yin ará, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa. Ẹni tó bá sì fẹ́ sọ fún mi pé èèyàn lè gbé àpótí yẹn lọ sí Lokoja, òótọ́ ni. Ó lè gbé fìríìjì lọ pẹ̀lú.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò ṣòro fún ará Kubwa, nítorí ẹ mọ mẹ́rúwà, àwọn tó ń ta omi kiri. Fáíbà ni páìpù tó wọ ilé ìdáná yín: wàhálà ni kí wọ́n tó gbẹ́ ilẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà, ṣùgbọ́n tó bá ti dé, ẹ ṣí ẹ̀rọ, omi dà. Àgbérìn ni píọ́ wọ́tà tí ẹ rà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Ojúkan aláfẹ́fẹ́ ni dúrọ́ọ̀mù tó wà lẹ́yìnkùlé, tí mẹ́rúwà ń ti ọmọlanke wá rọ omi sí. Dúrọ́ọ̀mù kì í rìn, kò sì sẹ́ni tó gbẹ́ ilẹ̀. Àmọ́ bọ́hóòlù kan náà ni gbogbo mẹ́rúwà àdúgbò ń tò sí, òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì nìyẹn. Tó bá di aago mẹ́jọ alẹ́ tí gbogbo ilé ń pè wọ́n, kẹ́ẹ̀gì mẹ́ta ni yóò kàn yín dípò mẹ́wàá. Bọ́hóòlù náà ńkọ́? Abẹ́ ilẹ̀ lomi rẹ̀ ti ń wá. Òpó tí fáíbà ò bá dé ìdí rẹ̀, agbára káká ni yóò fi bomi fún àdúgbò.

Ohun tí àwọn tó ń kéde pé afẹ́fẹ́ ti pa fáíbà ò wò nìyẹn. Ní Amẹ́ríkà, láti nǹkan bí ọdún 2022, ojúkan aláfẹ́fẹ́ ti ilé iṣẹ́ fóònù T-Mobile àti Verizon ló ń kó èyí tó pọ̀ jù nínú oníbàárà tuntun. Síbẹ̀ Verizon yìí kan náà ló kéde lọ́dún 2024 pé òun yóò fi bílíọ̀nù 20 dọ́là ra Frontier, ilé iṣẹ́ onífáíbà. Ní Gúúsù Kòríà àti Spain, fáíbà ti wọlé tipẹ́, aláfẹ́fẹ́ ò fi bẹ́ẹ̀ ráyè. Ní Íńdíà, ilé iṣẹ́ fóònù Jio ń ta méjèèjì: ibi tí wọn ò tíì gbẹ́ ilẹ̀ dé, afẹ́fẹ́ ló ń ṣíwájú. Bí ọjà náà yóò ṣe máa lọ kárí ayé lójú tèmi nìyẹn, mẹ́rúwà níwájú, páìpù lẹ́yìn.

Lọ́dọ̀ wa, páìpù ló ń pẹ́. Okùn abẹ́ òkun ti dé Èkó, Equiano ti Google gúnlẹ̀ síbẹ̀ lọ́dún 2022, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ gbẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa lókè níbí. Lọ́dún 2013, ìjọba àpapọ̀ àtàwọn ìpínlẹ̀ fẹnu kò pé kí ìpínlẹ̀ má gbà ju náírà 145 lọ lórí mítà kan lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ gbẹ́ ilẹ̀ ri okùn. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ gba ìlọ́po ìlọ́po rẹ̀. Kaduna fagi lé e pátápátá, Kwara ní náírà kan lórí kìlómítà kan. Ètò ọdún 2020 fẹ́ kí íntánẹ́ẹ̀tì gbòòrò dé ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún kí ọdún 2025 tó parí. Títí di àárín ọdún náà, kò tíì tó 50, àgbérìn ló sì pọ̀ jù nínú ìyẹn.

Starlink, íntánẹ́ẹ̀tì sátẹ́láìtì tó dé ní oṣù kíní ọdún 2023, ńkọ́? Orí òrùlé ló dúró sí, sánmà ló ti ń gba tirẹ̀. Ojúkan ni. Kí 'alókùn' wá sọ ibi tí yóò fi í sí.

Ẹ̀gbọ́n padà pè mí láàárọ̀ yìí. Wọ́n ti gbà pé 'alókùn' kò dé ibẹ̀. Wọ́n ní 'afìdíkalẹ̀' ni ká máa lò. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n jẹun ná.