RAM: ibi tí iṣẹ́ yín wà kí ẹ tó tọ́jú rẹ̀

Bí Iléyá bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, akọ̀wé ẹgbẹ́ rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde kì í ráyè sinmi. Orúkọ àwọn tó ti san owó aṣọ wà níwájú rẹ̀, ti àwọn tó san ìdajì wà níbẹ̀, ti àwọn tó ń bọ̀ láti Èkó àti òkè òkun náà ń wọlé lórí WhatsApp. Gbogbo rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ wọ inú kọ̀ǹpútà ilé kí ọjọ́ kẹta Iléyá tó pé, nígbà tí ẹgbẹ́ yóò jáde ní Ojúde Ọba. Àárín iṣẹ́ yìí gan-an ni kọ̀ǹpútà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́, tí àmì róbótó yóò máa pòyì lójú rẹ̀. Àárín iṣẹ́ yìí náà ni wọ́n máa ń mú iná lọ. Ẹ̀sùn tí a sábà máa ń fi kan kọ̀ǹpútà ni pé ó ti gbó. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò gbó. RAM rẹ̀, ìyẹn ìrántí tó fi ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, ló kún. Orúkọ tó sì pòórá nígbà tí iná lọ, inú RAM yẹn náà ló wà.

Nítorí náà, ẹni tó bá mọ ohun tí RAM jẹ́ ti mọ ìdí méjèèjì, kò sì nílò kó há ọgọ́rùn-ún ìmọ̀ràn sórí. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń tẹ iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ ní Àgọ́-Ìwòyè, oníṣòwò obì tó ń ṣírò owó nílé ní Ṣágámù, ọ̀rọ̀ yìí kan gbogbo wọn.

Ibi méjì ni kọ̀ǹpútà ń kó nǹkan sí. Ìkíní ni ibi ìpamọ́, ìyẹn háàdì dísìkì tàbí SSD. Fọ́tò, lẹ́tà, orin àti àwọn ètò bíi Word wà níbẹ̀, ẹ sì lè pa kọ̀ǹpútà fún ọdún kan, ẹ ó padà bá wọn. Ìkejì ni RAM, ìrántí tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Kò sí ohun kan nínú ibi ìpamọ́ tí kọ̀ǹpútà lè ṣiṣẹ́ lé lórí títí yóò fi gbé e wá sínú RAM. Bí ẹ bá ṣí àkójọ orúkọ ẹgbẹ́, ẹ̀dà àkójọ náà àti ètò tó ń ṣí i yóò jọ wọ inú RAM, ibẹ̀ sì ni lẹ́tà kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá tẹ̀ ń bọ́ sí.

Ẹ wo télọ̀ tó ń rán aṣọ Ojúde Ọba. Kọ́bọ́ọ̀dù tó kó aṣọ àwọn oníbàárà sí ni ibi ìpamọ́, tábìlì tó ń gé aṣọ lé lórí ni RAM. Kọ́bọ́ọ̀dù lè gba aṣọ ẹgbẹ́ mẹ́ta, àmọ́ èyí tó wà lórí tábìlì nìkan ni àlùmọ́gàjí rẹ̀ lè kàn. Bí tábìlì bá kéré, yóò máa ká ọ̀kan kúrò kó tó lè tẹ́ òmíràn, ọjọ́ yóò sì lọ sórí kíká àti títẹ́.

Kọ̀ǹpútà náà ń ká, ó sì ń tẹ́. Bí RAM bá ti fẹ́ kún, Windows, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, yóò mú ohun tí ẹ kò tíì fọwọ́ kàn láti ìgbà díẹ̀, yóò gbé e lọ sí apá kan nínú ibi ìpamọ́ tí wọ́n ń pè ní page file. Bí ẹ bá padà sí ohun náà, yóò tún gbé nǹkan míì jáde kó tó lè gbé èyí wọlé. Ibi ìpamọ́ kò yára tó RAM rárá, pàápàá háàdì dísìkì àtijọ́ tó ní àwo tó ń yí nínú. Gbígbé wá gbígbé lọ yìí ni ẹ ń rí tí ẹ ń pè ní wíwọ́. SSD, tí kò ní àwo tó ń yí, máa ń mú un rọrùn, ṣùgbọ́n kò fòpin sí i.

Ohun kan wà tó máa ń dùn mí nípa ọ̀rọ̀ yìí. Èèyàn á jókòó, á pa fọ́tò ọmọ rẹ̀ àti fídíò ìgbéyàwó rẹ́, nítorí pé ó fẹ́ kí kọ̀ǹpútà yára. Ibi ìpamọ́ ló tú sílẹ̀, kò fi ohunkóhun kún RAM. Àyàfi tí ibi ìpamọ́ bá kún dé ẹnu ni irú pípa rẹ́ bẹ́ẹ̀ tó lè mú ìyàtọ̀ wá. Àṣìmú yìí kan náà ló ń gba owó lọ́wọ́ àwọn tó ń ra láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀. Ẹni tó ń tà á á ní, "500 gíìgì ni," oníbàárà á sì mi orí. Ibi ìpamọ́ ni 500 yẹn. Ẹ béèrè RAM. Microsoft sọ pé 4GB, ìyẹn gíìgì mẹ́rin, ni RAM tó kéré jù tí Windows 11 lè lò, ṣùgbọ́n ìyẹn kàn tó kó fi lè ṣí ni. Fún ẹni tó ń kọ lẹ́tà, tó ń ṣírò owó, tó tún ń ṣe ìpàdé lórí Zoom, 8GB ni mo máa sọ pé kó wá.

Kí ẹ tó san owó, ẹ fi ojú ara yín rí i. Ẹ di Ctrl àti Shift mú, kí ẹ tẹ Esc. Task Manager yóò ṣí. Ẹ lọ sí Performance, kí ẹ tẹ Memory. Yóò sọ iye RAM tó wà níbẹ̀ àti iye tó ń lò lọ́wọ́. Ẹ wo ibi tí wọ́n kọ Slots used sí pẹ̀lú. Bí ó bá sọ pé ihò kan ni wọ́n lò nínú méjì, ẹ lè ra RAM kún un lọ́jọ́ iwájú, ìyẹn sì sábà máa ń dín owó ju kí ẹ ra kọ̀ǹpútà tuntun lọ. Àmọ́ nínú ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù pẹlẹbẹ, wọ́n ti jó RAM mọ́ bọ́ọ̀dù, kò ṣeé fi kún. Bákan náà, RAM DDR3 kò lè wọ ihò DDR4, nítorí náà ẹ mọ irú èyí tó wà nínú tiyín kí ẹ tó lọ bá oníṣẹ́.

Task Manager yìí náà ni ohun èlò tó dára jù lọ nínú ilé. Lọ́jọ́ tí kọ̀ǹpútà bá ń wọ́, ẹ ṣí i, ẹ tẹ orí ìlà Memory lábẹ́ Processes, èyí tó ń jẹ RAM jù lọ yóò bọ́ sókè. Búráúsà, ètò tí a fi ń wo íńtánẹ́ẹ̀tì, ló sábà máa ń jẹ́. Táàbù kọ̀ọ̀kan tí ẹ ṣí sílẹ̀ ló ń gba àyè tirẹ̀, bí ẹ kò tiẹ̀ wò ó láti àárọ̀. Ẹ pa èyí tí ẹ kò lò dé. Ìbẹ̀rù pé a ò ní rí i mọ́ ni kì í jẹ́ ká pa á, bẹ́ẹ̀ Ctrl+D máa ń pa àdírẹ́sì ojú ewé mọ́ fún yín, Ctrl+Shift+T sì máa ń ṣí táàbù tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ pa dé padà. Chrome ní ohun tó ń jẹ́ Memory Saver nínú Settings rẹ̀, lábẹ́ Performance, tó máa ń gba àyè padà lọ́wọ́ táàbù tí ẹ ti gbàgbé. Edge náà ní irú rẹ̀.

Ẹ tún wo Startup apps nínú Task Manager. Àwọn ètò tó ń dìde fúnra wọn gbàrà tí kọ̀ǹpútà bá tàn ló wà níbẹ̀, tí wọ́n á ti jókòó sínú RAM kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kankan. Ẹ fi Disable dá àwọn tí ẹ kò nílò lójoojúmọ́ dúró, wọn yóò ṣì máa ṣí nígbà tí ẹ bá pè wọ́n. Ẹ má fọwọ́ kan èyí tó ń dáàbò bo kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ fáírọ́ọ̀sì, ẹ má sì pa ohun tí ẹ kò mọ̀.

Restart náà ṣe pàtàkì. Láti ìgbà Windows 8, tó jáde ní 2012, ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà kì í pa tán bí ẹ bá tẹ Shut down. Wọ́n máa ń kọ àárín gbùngbùn ètò Windows sínú ibi ìpamọ́, kí wọ́n lè gbé e padà kíá lọ́jọ́ kejì. Ìdọ̀tí tó wà nínú rẹ̀ yóò bá a padà. Restart ló ń bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pátápátá. Nítorí náà, bí ẹrù bá ti pọ̀ lórí kọ̀ǹpútà, Restart ni kí ẹ tẹ̀.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ iná. Kí ló dé tí RAM fi ń gbàgbé? Robert Dennard, tó ṣiṣẹ́ ní IBM lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ló hùmọ̀ irú RAM tó wà nínú kọ̀ǹpútà wa, wọ́n sì fún un ní ìwé ẹ̀rí pé òun ló hùmọ̀ rẹ̀ ní 1968. Nínú RAM yìí, iná bíńtín ni wọ́n fi ń ṣe àmì ohun tí ẹ tẹ̀, wọ́n sì rọ ọ́ sínú àwọn ohun kékeré tí kò lè di iná mú pẹ́. Iná náà ń jò lọ. Kọ̀ǹpútà ní láti máa tún un rọ, kó sì kárí gbogbo rẹ̀ kí ìdá 64 nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá kan tó kọjá. Bí iná bá ti lọ, kò sí ẹni tí yóò tún un rọ mọ́. Ní 1970, Intel gbé RAM irú èyí jáde fún títà, 1103 ni wọ́n pè é. Àmì 1,024 péré ló lè gbà, tó jẹ́ nǹkan bíi lẹ́tà 128 bí lẹ́tà kan bá gba àmì mẹ́jọ, orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ mẹ́fà tàbí méje. RAM 8GB lónìí ń gba àmì tó lé ní bílíọ̀nù 68. Ó tóbi, ó yára, ṣùgbọ́n jíjò yẹn kò tíì kúrò lára rẹ̀.

Gbogbo ohun tí ẹ tẹ̀ lẹ́yìn ìgbà tí ẹ tọ́jú iṣẹ́ gbẹ̀yìn, inú RAM nìkan ló wà. Ctrl+S ló ń kọ ọ́ sínú ibi ìpamọ́. Ẹ sọ ọ́ di àṣà ọwọ́: bí ẹ bá tẹ orúkọ márùn-ún tán, Ctrl+S, bí fóònù bá dún, Ctrl+S kí ẹ tó gbé e, bí ẹnì kan bá kanlẹ̀kùn, Ctrl+S kí ẹ tó dìde. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì tí kò ní bátìrì kì í fún èèyàn ní àyè láti ronú, bí wọ́n bá ti mú iná ó parí nìyẹn. Ẹni tó ń lò ó yẹ kó ní UPS, àpótí bátìrì tí yóò fún un ní ìṣẹ́jú mélòó kan láti tọ́jú iṣẹ́ kí ó sì pa á dáadáa, yóò sì tún gbà á lọ́wọ́ àlàfo tó máa ń wà kí jẹnẹrétọ̀ tó gba iṣẹ́. Láptọ́ọ̀pù ní bátìrì tirẹ̀, àmọ́ bátìrì ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ kò lágbára mọ́. Ẹ yọ wáyà rẹ̀ lọ́jọ́ kan tí iṣẹ́ kò sí nílẹ̀, kí ẹ mọ iye àkókò tó lè dúró.

Word ní AutoRecover, tó ń pa ẹ̀dà iṣẹ́ mọ́ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá pọ̀ jù fún iná tiwa. Ẹ lọ sí File, Options, Save, kí ẹ sọ ọ́ di ìṣẹ́jú kan. Ẹ má tìtorí rẹ̀ fi Ctrl+S sílẹ̀ o, ohun tí a fi ń gba ìyókù là lẹ́yìn ìjàǹbá ni.

Sleep àti Hibernate náà, RAM ni ìyàtọ̀ wọn. Bí ẹ bá tẹ Sleep, iṣẹ́ yín ṣì wà nínú RAM, iná díẹ̀ ló ń dì í mú. Bí bátìrì bá kú lóru, ó lè bá a lọ. Hibernate máa ń kọ gbogbo ohun tó wà nínú RAM sínú ibi ìpamọ́, lẹ́yìn náà yóò pa kọ̀ǹpútà pátápátá. Kò yára jí bíi Sleep, àmọ́ ẹ lè lọ sí Ìpẹru fún ọjọ́ mẹ́ta kí ẹ padà bá iṣẹ́ níbi tí ẹ fi í sí. Ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ wa níbí, Hibernate ni mo fara mọ́. Windows sábà máa ń fi í pa mọ́: ẹ ṣí Control Panel, Power Options, kí ẹ tẹ Choose what the power buttons do, ẹ ó rí ibi tí ẹ ti lè mú un jáde.

Ohun tí ẹ bá kọ ẹ̀dà rẹ̀ pẹ̀lú Ctrl+C, tí ẹ kò tíì fi Ctrl+V lẹ̀ mọ́ ibòmíràn, inú RAM náà ló wà. Larry Tesler àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Xerox ló fún wa ní gígé, dídà kọ àti lílẹ̀ yìí láàárín ọdún 1970 sí 1979, ó sì ti gba ọ̀pọ̀ wákàtí là fún gbogbo ayé. Bí ẹ bá tẹ bọ́tìnì Windows pẹ̀lú V, kí ẹ sì gbà kó bẹ̀rẹ̀, kọ̀ǹpútà yóò máa rántí ohun 25 tí ẹ kọ ẹ̀dà rẹ̀ gbẹ̀yìn, dípò ẹyọ kan. Ẹ lè kó nọ́ńbà àkáǹtì, orúkọ àti iye owó jọ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ wá lẹ̀ wọ́n níkọ̀ọ̀kan. Èyí tí ẹ kò bá fi àmì pin dì mú yóò lọ bí kọ̀ǹpútà bá kú. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń ṣọ́ra fún Ctrl+X, nítorí ó ń yọ ọ̀rọ̀ kúrò níbi tó wà kó tó ní ibòmíràn tó dé. Bí ẹ bá fẹ́ gbé àkójọ orúkọ láti fáìlì kan sí òmíràn, ẹ kọ ẹ̀dà rẹ̀ pẹ̀lú Ctrl+C, ẹ lẹ̀ ẹ́ síbi tuntun, ẹ tẹ Ctrl+S níbẹ̀, lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó padà lọ pa ti àkọ́kọ́ rẹ́.