Igi irú pọ̀, ṣùgbọ́n ìran mélòó ló wà nínú rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Bí wọ́n bá ti dárúkọ àdán nípàdé ọmọ ìlú wa ní Kubwa, ẹnìkan á ṣáà ní: “Igi tó ṣọ̀wọ́n ló nílò àdán àti kòkòrò oyin. Igi irú tó kún ojú ọ̀nà Kàdúná yìí, kí ni yóò ṣe é?” Àwọn tó kù á sì máa mi orí.

Pé òdòdó nílò ohun tí yóò gbé àtíkè rẹ̀, ìyẹ̀fun tó ń mú kó so, lọ bá òmíràn, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ibi tí wọn kì í fẹ́ dé ni pé ẹni tó ka igi kò tíì ka ìran, ìyẹn oríṣiríṣi ìyá àti bàbá tí àwọn igi náà ti wá.

Ẹ wo òdòdó irú náà: bọ́ọ̀lù pupa tó rọ̀ dirodiro, tó ń ṣí lálẹ́, tí omi dídùn ń sun lára rẹ̀. Àdán ló ń retí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oyin náà ń ṣe tirẹ̀. Àtíkè rẹ̀ kì í fọ́n ká bíi ti àgbàdo. Ó so mọ́ra ní ìṣù kéékèèké, ìṣù kan sì lè tó fún odidi èso kan. Wóró inú èso kan, ìyá wọn kan náà ni, bàbá wọn náà sì sábà máa ń jẹ́ ọ̀kan. Ẹni tó bá wá ṣa irú lábẹ́ igi kan ṣoṣo, tó fi gbin ọgọ́rùn-ún igi sóko Gwagwalada, ọgọ́rùn-ún ló ní lóòótọ́. Ọmọ ìyá ni gbogbo wọn. Àrùn tó bá mọ ọ̀nà ọ̀kan lè mọ ti ìyókù.

“Ṣebí ó ń so?” Ó ń so, kẹ̀. Igi àgbà tí ẹ ń rí lónìí, ìgbà tí igbó ṣì dí ni wọ́n ti lóyún rẹ̀. Jíìnì ara rẹ̀, ìyẹn ohun tó jogún lọ́dọ̀ ìyá àti bàbá rẹ̀, ìròyìn àtijọ́ ni. Ẹni tó fẹ́ mọ iṣẹ́ tí àdán ń ṣe nísinsìnyí, àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù ni kó lọ yẹ̀ wò, ìyẹn bí ewúrẹ́ àti ọkọ́ bá ṣẹ́ ẹ kù.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà pọ̀ nílé wa, ọmọ ìdí rẹ̀ la ń yọ gbìn, kò sí kòkòrò kankan nínú ọ̀rọ̀ náà; pípọ̀ tó pọ̀ kò sọ ọ́ di ìran púpọ̀. Igi tó ṣọ̀wọ́n tí àdán ń ti ọ̀nà jíjìn wá bá, ó lè ní ìran púpọ̀ ju èyí tó kún àdúgbò lọ. Ó sì lè má rí bẹ́ẹ̀: bí èyí tó kù bá kéré jù, àtíkè ara wọn náà ni wọ́n ń gbà kiri.

Mi ò sọ pé irú fẹ́ parun o. Pípọ̀ nìkan ni mi ò gbà ní ẹ̀rí. Ẹni tó bá fẹ́ gbìn, kó ṣa irú lábẹ́ igi púpọ̀ tó jìnnà síra. Ẹ̀yin tí ẹ ń yìnbọn sí àdán, ẹ rọra. Ẹ má sì tìtorí ọ̀rọ̀ mi fọwọ́ lásán gbé e: lọ́dún 1956 ni wọ́n rí kòkòrò àrùn kan tó jẹ́ ìbátan ti àrùn dìgbòlugi ajá lára àdán ní Èkó. Bó bá géni jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ibẹ̀ dáadáa, kẹ́ ẹ sì lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an.