Inú Àpò Lẹ́tà Ni Àwo Orin Àkọ́kọ́ John Prine Ti Jáde

Nígbà òtútù, ẹ̀fúùfù agbègbè Chicago kì í ṣeré. Apínlẹ́tà kò sì ní ibi tó máa sá sí, nítorí ẹsẹ̀ ló fi ń rìn láti ojúlé dé ojúlé. Àfi àpótí irin ńlá kan tó máa ń wà létí títì, níbi tí wọ́n ń kó lẹ́tà pamọ́ sí kí apínlẹ́tà lè máa wá bù ú díẹ̀díẹ̀. John Prine, apínlẹ́tà tó wá di olórin, á ṣí i, á kó sínú rẹ̀, á jókòó jẹ búrẹ́dì tó fi ẹran ẹlẹ́dẹ̀ há láàárín. Tó bá yó tán, orin ló kù. Ojú ọ̀nà lẹ́tà yìí ló ti ro púpọ̀ nínú orin mẹ́tàlá tó wà nínú àwo àkọ́kọ́ rẹ̀, èyí tó jáde lọ́dún 1971, tí wọ́n kàn fi orúkọ rẹ̀ pè: John Prine.

Àwọn òbí rẹ̀ kì í ṣe ọmọ ibẹ̀. Kentucky ni wọ́n ti wá sí Maywood, ní ìpínlẹ̀ Illinois, ibẹ̀ ni wọ́n sì bí i sí ní October 10, 1946. Dave ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló kọ́ ọ ní gìtá nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 14. Ó jáde ilé ìwé, ó gba iṣẹ́ lẹ́tà. Ní 1966 ìjọba mú un wọṣẹ́ ológun, àmọ́ orí bá a ṣe é: Jámánì ni wọ́n gbé e lọ, ó ń tún ọkọ̀ ṣe níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí Vietnam. Nígbà tó dé, ó tún padà sídìí àpò lẹ́tà. Ó máa ń fi iṣẹ́ yẹn wé kéèyàn wà nínú ilé ìkàwé tí kò ní ìwé kankan. Tí ẹsẹ̀ bá ti mọ àdúgbò, orí ò níṣẹ́ mọ́.

Èmi ò gbà pé kò sí ìwé níbẹ̀ o. Ẹni tó ń dé ẹnu ọ̀nà gbogbo ilé lójoojúmọ́, ó ń kàwé, bí kò tilẹ̀ mọ̀. Ẹ gbọ́ bí ọ̀kan nínú orin rẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀. Ìwé ìròyìn Reader's Digest fi àsíá Amẹ́ríkà kékeré, irú èyí tó ṣeé lẹ̀ mọ́ nǹkan, sínú ẹ̀dà kan. Prine pín in kiri. Nígbà tó fi máa padà dé àdúgbò, àsíá ti wà lára ilẹ̀kùn, lára fèrèsé, lára ọkọ̀. Ó wá kọ orin nípa ọkùnrin kan tó lẹ àsíá bo gbogbo gíláàsì iwájú ọkọ̀ rẹ̀ títí kò fi ríran mọ́, tó lọ kọ lu igi, tó sì dé ẹnu ọ̀nà ọ̀run tí wọ́n sọ fún un pé àyè ti kún. Ogun Vietnam ló ń bá wí látòkèdélẹ̀, síbẹ̀ ẹ̀rín lẹ máa rín.

Wọ́n ní ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là ń fi í rín. Bí ọkùnrin yìí ṣe ń kọrin nìyẹn, kò sì ju ọmọ ọdún 24 lọ nígbà tó ń ká a sílẹ̀. Nígbà tó wà lọ́mọdé, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ jọ ń pín ìwé ìròyìn ní ilé àwọn arúgbó. Àwọn kan nínú wọn á máa ṣe bí ẹni pé ọmọ-ọmọ àwọn ló wá kí àwọn. Ibẹ̀ ni "Hello in There" ti fìdí múlẹ̀. "Angel from Montgomery" ni kò yé mi títí dòní: báwo ni ọ̀dọ́kùnrin ṣe máa la ẹnu sọ pé ìyá àgbàlagbà lòun, tí a ó sì gbà á gbọ́? "Sam Stone" ní tirẹ̀ sọ̀rọ̀ ṣọ́jà kan tó ti Vietnam dé pẹ̀lú oògùn olóró nínú iṣan. Kò sí ẹ̀rín púpọ̀ nínú ìyẹn.

Ọtí ló gbé e dórí pèpéle. Ó jókòó sí Fifth Peg, ilé orin kan ní Chicago, ó ń mu bíà, ó ń kùn pé àwọn tó ń kọrin kò mọ̀ ọ́n kọ. Ẹnì kan ní kó dìde lọ ṣe tirẹ̀. Ó lọ lóòótọ́, orin mẹ́ta ló kọ, "Sam Stone" wà níbẹ̀, gbogbo ilé sì dákẹ́ lọ gbári. Ó rò pé òun ti ba nǹkan jẹ́. Lẹ́yìn náà ni àtẹ́wọ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ni ilé orin náà ní kó máa wá kọrin ní gbogbo Ọjọ́bọ̀.

Gúgúrú ló mú ìròyìn rẹ̀ kárí ìlú. Roger Ebert, tó ń kọ̀wé nípa sinimá fún Chicago Sun-Times, ń wo fíìmù lálẹ́ ọjọ́ kan. Iyọ̀ pọ̀ jù nínú gúgúrú, òùngbẹ gbẹ ẹ́, ó wá bíà lọ. Bẹ́ẹ̀ ni Prine ṣe máa ń sọ ọ́. Fifth Peg ni Ebert yà sí. Ní October 1970 ó kọ̀wé nípa apínlẹ́tà tó ń kọrin, kò sì sọ̀rọ̀ fíìmù kankan níbẹ̀. Láti ìgbà náà, ààyè ìjókòó di wàhálà.

Steve Goodman, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí òun náà jẹ́ olórin, ló ṣe èyí tó kù. Kris Kristofferson, olórin tó ti lórúkọ nígbà yẹn, wá sí Chicago ní 1971, orin Goodman sì wù ú. Ẹlòmíì á ti gbá àǹfààní yẹn mú fún ara rẹ̀. Goodman ní rárá, ẹ wá gbọ́ ọ̀rẹ́ mi. Ilẹ̀ ti ṣú gan-an kí wọ́n tó dé Earl of Old Town, ilé orin míì ní Chicago. Wọ́n ti da àga délẹ̀ lórí tábìlì. Prine kọrin fún wọn nínú ilé tó ti ṣófo, Kristofferson sì ní kó tún gbogbo rẹ̀ kọ. Nígbà tí àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì dé New York, Kristofferson pè wọ́n sórí pèpéle ní Bitter End, ilé orin kan níbẹ̀. Jerry Wexler ti Atlantic, ilé-iṣẹ́ tó ń gbé àwo orin jáde, wà níjòókòó. Kí wákàtí 24 tó pé, àdéhùn ti délẹ̀.

Memphis ni wọ́n ti ká àwo náà, ní ilé ìgbohùnsílẹ̀ American Sound, Arif Mardin ló darí iṣẹ́ náà. Àwọn tó lu ohun èlò fún Elvis Presley ní 1969 ló wá lù fún apínlẹ́tà. Ẹ̀rù bà á. Tẹ́ ẹ bá tẹ́tí, ẹ ó gbọ́ ọ nínú ohùn rẹ̀. Nígbà tó di ti fọ́tò iwájú páálí àwo, wọ́n gbé e jókòó lórí koríko gbígbẹ tí wọ́n dì, bí àgbẹ̀. Ó ní òun ò jókòó sórí irú rẹ̀ rí láyé òun.

Orin kan ṣoṣo ni wọn ò ká ní Memphis. "Paradise" ni, ní New York ni wọ́n ti ká a, Goodman wà níbẹ̀, Dave sì ta fáólìnì sí i. Paradise jẹ́ ìlú kékeré nígbà kan rí ní Muhlenberg County, ní Kentucky, ìlú àwọn òbí rẹ̀. Nígbà tó wà ní Jámánì, bàbá rẹ̀ gé ìròyìn kan nínú ìwé, ó fi ránṣẹ́ sí i: ilé-iṣẹ́ èédú ti ra ibẹ̀. Nínú orin náà, ọmọ ń bẹ bàbá pé kó mú òun lọ síbẹ̀, bàbá sì ń sọ pé ọkọ̀ ojú irin Peabody, ilé-iṣẹ́ tó ń wa èédú, ti kó o lọ.

Kí àwo náà tó jáde, John gbé téèpù rẹ̀ lọ sílé fún bàbá náà, Bill Prine. Wọ́n jókòó, wọ́n ń gbọ́ ọ. Nígbà tó kan "Paradise", Bàbá dìde, ó bọ́ sí yàrá kejì, ó jókòó sínú òkùnkùn títí orin náà fi parí. John bi í pé kí ló dé. Ó ní òun fẹ́ kó dà bíi pé inú ẹ̀rọ olórin tí wọ́n ń sọ owó sí ní ilé ọtí lòun ti ń gbọ́ ọ. Kí àwo tó dé ọjà, Bàbá ti lọ.