Bí ogbó ṣe ń mú ajá, àti ohun tó ń mú un dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀

Ajá ńlá tó ti ń ṣọ́ ilé fún ọdún 7 tàbí 8 kì í ṣàdédé kọ̀ láti dìde lọ́jọ́ kan. Díẹ̀díẹ̀ ló ń bẹ̀rẹ̀. Àárọ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ máa ń rí i: ajá á fi ẹsẹ̀ iwájú gbé ara rẹ̀ dìde, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn á pẹ́ kó tó tẹ̀ lé e, á tiro díẹ̀, lẹ́yìn náà ni ara rẹ̀ á yá. Nígbà tó bá yá, kò ní sáré lọ pàdé ọkọ̀ tó ń wọlé mọ́. Àwọn ará ilé á ní, "Ó ti darúgbó ni." Wọ́n á fi í sílẹ̀ nínú àgò rẹ̀ kó lè sinmi. Ìsinmi yẹn gan-an ló sábà máa ń ba ìyókù jẹ́.

Inú oríkèé ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Níbi tí eegun méjì ti pàdé, kerekere ló bo orí wọn kí wọ́n má baà máa ha ara wọn, omi kan tó ń yọ̀ sì wà láàárín. Kerekere yìí kò ní iṣan ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀. Omi inú oríkèé ló ń bọ́ ọ, ìrìn ló sì ń ti omi náà wọ inú rẹ̀: bí ajá bá tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, kerekere á fún pọ̀, bó bá gbé ẹsẹ̀, á tún fa omi mu, bíi kànìnkànìn tí a ń fún tí a tún ń tú sílẹ̀ nínú omi. Oríkèé tí kì í lọ tí kì í bọ̀, ebi ń pa á. Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, kerekere á máa tín-ín-rín sí i, eegun á bẹ̀rẹ̀ sí í kan eegun, oríkèé á wú, á sì máa dun ajá.

Ẹran itan àti ti ìbàdí ló ń bá oríkèé gbé ẹrù ara. Ajá tí ẹsẹ̀ ń dùn á dùbúlẹ̀. Èyí tó bá sì ń dùbúlẹ̀ ṣáá, itan rẹ̀ á máa gbẹ. Bí itan bá ti gbẹ, gbogbo ẹrù á bọ́ sórí oríkèé tó ti ń dùn tẹ́lẹ̀, ìrora á le sí i, ajá á tún wá dùbúlẹ̀ pẹ́ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ní gbogbo àkókò yìí, oúnjẹ inú abọ́ rẹ̀ kò dín kù, nítorí náà ó ń sanra. Ọ̀rá náà kì í sì í ṣe ẹrù lásán: ó ń tú àwọn èròjà kan sínú ẹ̀jẹ̀ tó ń mú kí oríkèé túbọ̀ máa wú. Ohun tí wọ́n ń pè ní ogbó lára ọ̀pọ̀ ajá ni èyí, ó sì ṣeé dá dúró.

Ọjọ́ orí kan náà kọ́ ló ń bá gbogbo ajá. Àwọn ajá ńlá bíi Boerboel, Rottweiler àti Alsatian ń wọ ọjọ́ ogbó ní nǹkan bí ọdún 7. Great Dane tilẹ̀ máa ń yá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lhasa Apso, ajá kékeré onírun gígùn tó pọ̀ nínú ilé ní Èkó, lè pé ọdún 10 kó tó fi àmì kankan hàn. Alsatian tún ní ìṣòro àjogúnbá kan: lára ọ̀pọ̀ wọn, orí eegun itan kì í fìdí múlẹ̀ dáadáa nínú ihò ìbàdí, nítorí náà oríkèé ibẹ̀ máa ń tètè jẹ. Ẹni tó ní Alsatian kò gbọdọ̀ dúró di ìgbà tó bá ń tiro kó tó bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú.

Ìwọ̀n ara ni ibi tó rọrùn jù láti ti bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rí rẹ̀ sì lágbára. Lọ́dún 2002, àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà tẹ àbájáde iṣẹ́ kan jáde lórí ajá Labrador 48 tí wọ́n tọ́jú láti kékeré títí wọ́n fi kú. Méjì méjì ni wọ́n pín wọn, ọmọ ìyá kan náà. Oúnjẹ tí wọ́n ń fún ọ̀kan fi ìdá kan nínú mẹ́rin dín sí ti èkejì. Ìdajì àwọn tó ń jẹun níwọ̀nba ló kọjá ọdún 13. Ti àwọn yòókù, ọdún 11 lé díẹ̀ ni. Àìsàn oríkèé náà sì pẹ́ kó tó mú àwọn tó ń jẹ díẹ̀. Nǹkan bí ọdún méjì nínú ayé ajá kì í ṣe nǹkan kékeré, oúnjẹ tí a dín kù nìkan ló sì fà á.

Kò sí ìdí láti ra òṣùwọ̀n. Ọwọ́ ni a máa fi pa ìhà ajá: ó yẹ kí ọwọ́ kan eegun ìhà láìtẹ̀ ẹ́ rárá, àmọ́ kí ojú má máa kà wọ́n lókèèrè. Bí a bá dúró lókè wò ó, ó yẹ kí ara rẹ̀ fún wọlé díẹ̀ lẹ́yìn ìhà. Onírun púpọ̀ máa ń tan ojú jẹ. Ọwọ́ ni kí a gbà gbọ́.

Ní ọ̀pọ̀ ilé, èbà àti ìrẹsì àjẹkù pẹ̀lú omi ọbẹ̀ ni oúnjẹ ajá. Ara ajá àgbà ń sọ èyí di ọ̀rá, nígbà tí itan rẹ̀ ń gbẹ nítorí àìrí ẹran jẹ. Àwọn kan gbà pé ẹran ń ba kíndìnrín ajá àgbà jẹ. Àfi bí dókítà ẹran bá ti rí àìsàn kíndìnrín nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kò rí bẹ́ẹ̀. Ajá àgbà nílò ẹran, ẹja àti ẹyin sísè kí itan rẹ̀ má baà gbẹ. Èbà ni kí a dín kù. Omi ọbẹ̀ pàápàá kò dára, torí àlùbọ́sà ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ, ì báà jẹ́ tútù tàbí sísè. Eegun adìyẹ sísè máa ń fọ́ ṣóńṣó, ó sì lè gún ìfun rẹ̀.

Lẹ́yìn oúnjẹ, ìrìn ló kàn. Ìrìn jíjìn lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ń pa ajá àgbà lára; ìrìn kúkúrú lójoojúmọ́ ló ń ṣe é láǹfààní, ìṣẹ́jú 10 sí 20, lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ló ń sọ bóyá ó tó tàbí ó pọ̀ jù: bí ó bá le fún un láti dìde ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kí a dín in kù. Ilẹ̀ tàbí koríko sàn fún oríkèé ju títì ọlọ́dà lọ. Ajá kì í làágùn bíi tèèyàn, ẹnu ló fi ń tú ooru jáde nígbà tó bá ń mí helehele, ti àgbà kò sì lágbára tó mọ́. Nítorí náà, kí oòrùn tó mú tàbí lẹ́yìn tó bá wọ̀ ni kó jáde. Bí ẹ̀yìn ọwọ́ èèyàn kò bá lè gbé lórí ọ̀dà, àtẹ́lẹsẹ̀ ajá kò lè gbà á. Kí a sì jẹ́ kó dúró gbóòórùn nǹkan lójú ọ̀nà. Imú ni ọpọlọ rẹ̀ fi ń ṣiṣẹ́.

Ajá tí wọ́n ń tì mọ́ àgò láti àárọ̀ di alẹ́, tí wọ́n wá ń tú sílẹ̀ lóru láti ṣọ́ ilé, ló ń jìyà jù. Ara rẹ̀ ti gan. Ariwo kan ṣoṣo, á ti sáré dé ẹnu géètì. Eré òjijì bẹ́ẹ̀ lè fa iṣan inú orúnkún já. Kí wọ́n mú un rìn yí ká ilé kí wọ́n tó fi í sílẹ̀.

Táìlì jẹ́ ọ̀tá ajá àgbà. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn á yọ̀ sí ọ̀tún yọ̀ sí òsì, ẹ̀rù á bà á, kò ní fẹ́ dìde mọ́. Ẹní tàbí kápẹ́ẹ̀tì àlòkù tí a tẹ́ láti ibùsùn rẹ̀ dé ibi abọ́ omi máa ń tó. Èékánná ajá tí kì í rìn púpọ̀ a gùn, ó sì ń ba ìdúró ẹsẹ̀ jẹ́, kí a máa gé e. Ibùsùn rẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ sìmẹ́ǹtì lásán, pàápàá nígbà ọyẹ́, torí òtútù ń mú oríkèé le.

Ọ̀rọ̀ oògùn ni kò gba eré rárá. Ibuprofen àti diclofenac tí èèyàn ń lò fún ara ríro lè dá ọgbẹ́ sí inú ajá, kí wọ́n sì ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́; paracetamol ń ba ẹ̀dọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́. Àánú ló sábà ń mú kí àwọn èèyàn fún un, ajá á sì kú sí i. Àwọn oògùn ìrora bíi carprofen àti meloxicam wà tí dókítà ẹran mọ ìwọ̀n rẹ̀ fún ajá. Ó yẹ kí dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ ajá wò kó tó fún un, irú méjì kò sì gbọdọ̀ pàdé nínú ajá kan. Kí a má sì dúró de igbe: ajá tí nǹkan ń dùn kì í sábà ké. Á máa lá ojú kan náà ṣáá, tàbí kó bu èèyàn jẹ nígbà tí wọ́n bá fọwọ́ kàn án.

Àwọn àìsàn kan wà tí wọ́n ń fi ara pamọ́ sábẹ́ orúkọ ogbó. Omi mímu àmujù ni kí a máa ṣọ́. Ó lè jẹ́ kíndìnrín, tó jẹ́ pé nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin agbára rẹ̀ ti lọ kí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n sábà ń lò tó fi í hàn. Ó lè jẹ́ ìtọ̀ ṣúgà. Lára abo tí wọn kò tíì yọ ilé ọmọ rẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú abo ajá wa, ó lè jẹ́ pé ilé ọmọ ti kún fún ọyún. Èyí máa ń ṣẹlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sí oṣù méjì lẹ́yìn ìgbà tó ń wá akọ. Kò ní fẹ́ jẹun, á máa bì, ikùn rẹ̀ lè wú. Nígbà mìíràn nǹkan kan kì í jáde lójú ara rẹ̀ rárá. Iṣẹ́ abẹ lójú ẹsẹ̀ ló sábà ń gbà á là.

Ajá tó rẹ̀ tẹnutẹnu tí erìgì rẹ̀ sì funfun, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé kòkòrò tí eégbọn ń gbé kiri ló ń jẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ìyẹn sì ní oògùn. Ẹnu tó ń rùn burúkú, erìgì tó ń jẹrà ló sábà máa ń fà á, kì í ṣe ogbó. Kókó tuntun lára, kí dókítà fọwọ́ kàn án. Ọ̀rá lásán ni púpọ̀ nínú wọn, àwọn kan sì jẹ́ jẹjẹrẹ.

Wọ́n ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ti àgbà, etí rẹ̀ ló di, kì í ṣe agídí. Kí a fi ọwọ́ pè é, kí a sì gba iwájú yọ sí i kí ẹ̀rù má baà bà á. Ojú tó bá ní àwọ̀ búlúù fẹ́rẹ́ ṣì sábà máa ń ríran. Èyí tó funfun bí wàrà ni kì í sábà ríran mọ́, kí a má sì máa ṣí àga kiri nínú ilé fún un. Bó bá ń jí lóru láìnídìí, tó ń kọjú sí ògiri, ó lè jẹ́ pé ọpọlọ ni ogbó ti dé: kí wákàtí oúnjẹ àti ìrìn rẹ̀ má yí padà.

Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni ó yẹ kí ajá àgbà rí dókítà ẹran, yàtọ̀ sí abẹ́rẹ́ dìgbòlugi. Ilé ìwòsàn ẹranko wà ní Yunifásítì Ìbàdàn àti ní FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Abẹ́òkúta. Kí wọ́n tó gbé e lọ, kí wọ́n fi fóònù ya fídíò bó ṣe ń dìde láàárọ̀ àti bó ṣe ń rìn, torí ìbẹ̀rù ibi tí kò mọ̀ máa ń jẹ́ kí ajá gbàgbé ìrora, kó sì rìn ṣánṣán níwájú dókítà.