Kí la ó dà sí ojú ọ̀nà inú oko ẹ̀fọ́ tuntun?

Àwọn tí ẹgbẹ́ onílé bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pín ilẹ̀ oko ẹ̀fọ́ fún ní Lugbe tàbí Kubwa, ní Àbújá níhìn-ín, ọ̀rọ̀ irúgbìn ló máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wọn: irú tòmátì wo ló lè fara da ooru, ibo la ti ń ra ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jinná. Ọ̀nà tí wọ́n á máa tọ̀ láàárín ebè, kò sẹ́ni tí í béèrè ẹ̀, àfi ìgbà tí bárò bá rì sínú ẹrẹ̀ lóṣù kẹjọ. Bẹ́ẹ̀, oko tí ọ̀nà rẹ̀ kò bá ṣeé rìn, orí ebè làwọn èèyàn á máa tẹ̀. Ilẹ̀ tí wọ́n bá sì ti tẹ̀ pa, gbòǹgbò kì í ráyè wọ̀ ọ́, kì í sì í fa omi mu bó ṣe yẹ.

Kí ẹ tó yọ owó lápò, ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí omi ń gbà. Ní Àbújá, òjò sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ lóṣù kẹrin, ó sì ń lọ títí di oṣù kẹwàá. Ti oṣù kẹjọ àti ìkẹsàn-án ló le jù. Lásìkò òjò, a máa ń kọ ebè ga kí ẹ̀fọ́ má bàa rà, ọ̀nà á wá wà nísàlẹ̀, kí a tó mọ̀, ó ti di gọ́tà. Tó bá di ọ̀gbẹlẹ̀, àwọn àgbẹ̀ fadama (ilẹ̀ àbàtà etí odò) níhìn-ín á yí i padà: wọ́n á gbẹ́ ibi tí wọ́n fẹ́ gbin nǹkan sí wọlẹ̀ bí àwo kí omi tí wọ́n bá fà lè dúró níbẹ̀, ọ̀nà ni yóò wá ga. Ohun tí ẹ bá dà sójú ọ̀nà gbọ́dọ̀ lè gba ìgbà méjèèjì. Èyí tó fúyẹ́, tó dúró jẹ́jẹ́ lóṣù kìíní, lè bá omi wọ́ lọ sóko aládùúgbò lóṣù kẹjọ, ìjà dé nìyẹn.

Ohun kejì tí mo máa ń béèrè lọ́wọ́ oníbàárà ni iye ọdún tí ilẹ̀ náà máa wà lọ́wọ́ rẹ̀. Abala 297 nínú Ìwé Òfin ọdún 1999 sọ pé ìjọba àpapọ̀ ló ni gbogbo ilẹ̀ Àbújá. Ilẹ̀ etí odò tàbí abẹ́ wáyà iná tí a ń fi dáko lónìí, wọ́n lè ní ká kó kúrò níbẹ̀ lọ́la. Màmá kan bi mí ní Lugbe pé, "Ọmọ mi, ṣé kí n kúkú da sìmẹ́ńtì sí i, kí n sinmi?" Mo ní, "Mà, tó bá jẹ́ ẹ̀yìnkùlé yín ni, ó dọwọ́ yín. Àmọ́ ilẹ̀ àyágbé lèyí. Sìmẹ́ńtì tí ẹ bá dà síbẹ̀, ẹ ò ní rí i kó lọ." Yàtọ̀ síyẹn, sìmẹ́ńtì kì í jẹ́ kí omi wọlẹ̀, oòrùn oṣù kẹta sì máa ń mú un gbóná débi pé ẹ̀fọ́ etí rẹ̀ á máa rọ lọ́sàn-án. Interlock sàn díẹ̀, torí ó ṣeé tú kó. Ṣùgbọ́n fún oko ẹ̀fọ́, àṣejù ni lójú tèmi.

Fún ọ̀nà àárín, èyí tí bárò ń gbà, yangí ni mo máa ń mú. Òun làwọn ará ibí ń pè ní burji, kò sì síbi tí kò sí ní agbègbè yìí. Kì í kàn ṣe pé kó pupa ṣá. Yangí tó dáa máa ń ní òkúta kéékèèké nínú. Kí onítípà tó dà á sílẹ̀, ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ẹ wọ́n omi díẹ̀ sí i, ẹ fún un mọ́wọ́. Tó bá lẹ̀ típẹ́típẹ́, tó ń fà, tó sì kun ọwọ́ yín pupa, amọ̀ ti pọ̀ jù nínú ẹ̀. Irú ẹ̀ ló máa ń yọ èèyàn ṣubú lásìkò òjò. Tó bá ṣù, tí ẹ fi àtàǹpàkò tì í, tó sì fọ́, tí ẹ̀ ń gbọ́ òkúta tó ń ha ara wọn nínú ọwọ́, òun lẹ fẹ́.

Ẹ kọ́kọ́ kó ilẹ̀ dúdú òkè kúrò lójú ọ̀nà náà, kí ẹ dà á sórí ebè. Àṣedànù gbáà ni kí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ wà lábẹ́ yangí. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ́ yangí ní ínǹṣì 3, ẹ wọ́n omi sí i, kó kàn tutù ni o, kó má di ẹrẹ̀. Ẹ fi igi wúwo gún un títí ẹsẹ̀ ò fi ní tẹ̀ ẹ́ wọlé mọ́, kí ẹ tó tún tẹ́ ínǹṣì 3 mìíràn lé e. Ẹ jẹ́ kí àárín fi ínǹṣì kan ga ju etí méjèèjì lọ kí omi lè máa ṣàn kúrò lórí ẹ̀. Àwọn alágbàṣe kì í fẹ́ràn gígún ẹlẹ́ẹ̀mejì yìí, wọ́n á ní ẹsẹ̀ èèyàn á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fúnra ẹ̀. Irọ́ ni. Ẹ dúró tì wọ́n. Àléébù yangí ni pé òjò ńlá máa ń ta á sára ẹ̀fọ́, nítorí náà, ẹ má gbin tẹ̀tẹ̀ tàbí ewédú mọ́ etí ọ̀nà gan-an.

Nípa iye tí yóò lọ: ọ̀nà tó gùn ní mítà 10, tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 3, tó jìn ní ínǹṣì 6, á gba bíi bárò 25 sí 30, torí yangí máa ń dín kù tí a bá gún un. Típà kékeré kan á tó èèyàn méjì pín. Ọ̀nà kéékèèké tó wà láàárín ebè, ẹsẹ̀ bàtà kan àtààbọ̀ ti tó o.

Ibi tí omi bá ti ń rogún, yangí nìkan ò ràn án. Òkúta tí wọ́n fọ́ ní Mpape ló yẹ ibẹ̀. Ẹ mú èyí tó jẹ́ ìdajì ínǹṣì, kí ẹ po stone dust, ìyẹn ìyẹ̀fun òkúta, mọ́ ọn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kí ẹ pè é fún onítípà. Òkúta fífọ́ ní igun, wọ́n máa ń há mọ́ra. Òkúta odò tó ń dán tó rí róbótó, ó wuyì lójú, àmọ́ á máa yí lábẹ́ ẹsẹ̀, bárò á sì máa rì sí i. Ẹ má da òkúta fífọ́ náà sórí ilẹ̀ lásán o, torí tí òjò bá rọ̀ dáadáa, inú ilẹ̀ ló ń wọ̀ lọ. Ẹ fi yangí ṣe ìdí ẹ̀.

Láàárín ebè, ohun tó lè jẹrà ni mo fara mọ́: èèpo ìrẹsì, èèpo ẹ̀pà, ìyẹ̀ pákó láti ọjà pákó Dei-Dei. Wọn ò wọ́n, nígbà míì ọ̀fẹ́ ni tí ẹ bá lè gbé e. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Kánò, ẹ̀yin gan-an lẹ rí ti èèpo ìrẹsì ṣe, Kura tí wọ́n ti ń gbin ìrẹsì ò jìnnà sí yín. Èèpo ìrẹsì kì í tètè jẹrà, àmọ́ ó fúyẹ́, ọyẹ́ sì máa ń gbá a lọ. Ẹ wọ́n omi sí i, kí ẹ fi pákó tàbí búlọ́ọ̀kù fífọ́ dí etí ẹ̀. Ìyẹ̀ pákó tútù dára lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n ẹ má rò ó pọ̀ mọ́ ilẹ̀ ebè: bó bá ṣe ń jẹrà, á máa gba náítírójìn mọ́ ẹ̀fọ́ lọ́wọ́, ewé á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Ẹ bi oníṣòwò bóyá wọ́n ti fi oògùn ikán pa pákó náà; tó bá ti rí bẹ́ẹ̀, ẹ má gbé e wọ oko oúnjẹ. Ikán á wá sídìí èyí tí kò ní oògùn, mi ò ní parọ́ fún yín. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń lò ó lẹ́bàá pákó ọgbà.

Àwọn kan máa ń tẹ́ flex, ìyẹn rọ́bà pátákó ìpolówó, tí àwòrán olóṣèlú tí ìdìbò ti kọjá wà lórí ẹ̀. Mo ti tú irú ẹ̀ láti inú oko tó pọ̀. Oòrùn á gé e wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, fọ́nrán ẹ̀ á sì bá yín jáde pẹ̀lú ẹ̀fọ́ lọ́jọ́ ìkórè. Kápẹ́ẹ̀tì àtijọ́ náà, ọ̀kan-ùn ni wọ́n. Páálí lásán tí a tẹ́ sábẹ́ èèpo ìrẹsì sàn jù wọ́n lọ fíìfíì. Koríko gbégi á pẹ́ díẹ̀ kó tó yọrí lábẹ́ páálí náà, àmọ́ koríko èèkan lè gún un jáde, òun ní láti jẹ́ híhú tigbòǹgbò-tigbòǹgbò kí ẹ tó tẹ́ nǹkankan.

Oṣù kejì sí ìkẹta ni kí ẹ ra yangí àti òkúta, nígbà tí típà ṣì lè wọ ilẹ̀ láìrì. Èèpo àti ìyẹ̀ pákó, ẹ fi dìgbà tí òjò àkọ́kọ́ bá ti rọ̀. Ọyẹ́ á ti lọ nígbà náà, iná tí wọ́n ń sọ sí igbó lágbègbè yìí lásìkò ọ̀gbẹlẹ̀ kò sì ní rí ohun gbígbẹ tẹ̀lé wọ inú oko yín.